“Yí padà” nìkan kò tó fún fáìlì DVD

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Mo ti ka àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kó jọ fún ìwé ìlànà bí a ṣe ń gbé fíìmù láti orí àwo DVD lọ sórí fíláàṣì, kí tẹlifíṣọ̀n lè gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló dára, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ àwọn ibìkan wà tí n kò lè fọwọ́ sí, èyí tó sì ká mi lára jù ni “yí padà”, tí wọ́n fi túmọ̀ “convert”, ìyẹn sísọ fáìlì fíìmù di irú mìíràn.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti “rip” kíá, ìyẹn kíkó fíìmù láti orí àwo sínú kọ̀ǹpútà. “Fàya” ni ẹ̀gbọ́n wa fi sí i. Kí ló ya? Àwo wà bó ṣe wà, fíìmù ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí a pè é ní “jí”. Ìyẹn le jù, torí ẹni tó fowó ara rẹ̀ ra àwo lè fẹ́ ẹ̀dà kan tí kò ní họ. Òótọ́ ni pé òfin wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí: òfin DMCA, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1998, ka jíjá kọ́kọ́rọ́ orí àwo léèwọ̀, títí kan ẹni tó ni àwo fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká fi ẹjọ́ sílẹ̀ fún òfin, kí ọ̀rọ̀ máa sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. “Dà kọ” ni tèmi. Gbogbo wa ti mọ àdàkọ ìwé, a sì mọ̀ pé ojúlówó kì í kúrò níbi tó wà.

Ó wá ku “yí padà”. Ẹni tó bá da DVD kọ yóò rí fóldà kan tó ń jẹ́ VIDEO_TS. Inú rẹ̀ ni yóò ti bá VTS_01_1.VOB, VTS_01_2.VOB, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn àwọn fáìlì VOB tí wọ́n pín fíìmù náà sí, torí ìlànà DVD kò jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn ju 1 GB lọ. Àwọn fáìlì IFO ló mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ẹ wá fi fíláàṣì gbé e fún tẹlifíṣọ̀n: òmíràn kò ní rí nǹkan kan, òmíràn á gbé ti àkọ́kọ́ jáde, á sì dúró gbáà láàárín gbólóhùn òṣèré. Ìdí nìyẹn tí a fi ń yí i padà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì ló fara pamọ́ síbẹ̀. Nínú èkíní, a kàn kó àwòrán àti ohùn kúrò nínú VOB, a kó wọn sínú MKV, irú fáìlì mìíràn tó ń gba àwòrán àti ohùn. Àwòrán ṣì jẹ́ MPEG-2, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tí DVD ń lò, bó ṣe wà lórí àwo, iṣẹ́ náà kì í pẹ́, fáìlì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i. Nínú èkejì, kọ̀ǹpútà á tú gbogbo àwòrán palẹ̀, á fi H.264, ọ̀nà ìfúnpọ̀ mìíràn, fún wọn pọ̀ lákọ̀tun, á wá kó wọn sínú MP4, irú fáìlì kan bíi MKV. Èyí ń jẹ àkókò, ó sì lè sọ 6 GB di ohun tí kò tó 2 GB, àmọ́ ohun tó bá sọnù níbẹ̀ kò ní padà wá mọ́. MPEG-2 máa ń tọ́jú àwòrán kan lódindi, á wá kọ kìkì ohun tó yàtọ̀ sílẹ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e, á sì ju ohun tó rò pé ojú kò ní fura sí nù. Tí a bá tún un fún, ara ìyókù la tún ń gé. Ẹ wo èéfín tàbí ìran alẹ́ nínú irú fáìlì tí wọ́n fún jù: ẹ ó rí igun mẹ́rin mẹ́rin kéékèèké nínú òkùnkùn.

Tí ìwé ìlànà bá wá sọ pé “yí fáìlì náà padà”, èwo ni kí òǹkàwé ṣe? Ẹni tó ṣe èkíní á ní MKV 6 GB lọ́wọ́. Fíláàṣì rẹ̀ jẹ́ FAT32, ọ̀nà kan tí fíláàṣì ń gbà to fáìlì, tí kì í gba fáìlì tó bá tó 4 GB. Kọ̀ǹpútà á ní fáìlì ti tóbi jù, bẹ́ẹ̀ ààyè 20 GB ṣì ṣófo níbẹ̀, òun á sì rò pé fíláàṣì ti bàjẹ́. Ó lè sọ fíláàṣì di exFAT, ọ̀nà mìíràn tó ń gba fáìlì ńlá, bí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ bá lè kà á. Bí kò bá lè kà á, iṣẹ́ kejì ló kàn. Ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀, VOB nìkan ni tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kọ̀, ó sì lọ ṣe iṣẹ́ kejì, ó ba àwòrán jẹ́ láìnídìí. Ọ̀rọ̀ wa ló ṣì í lọ́nà.

Mo gba “àpò” fún ohun tí MKV àti MP4 jẹ́, ìyẹn “container” tó ń kó àwòrán àti ohùn pọ̀. Fún iṣẹ́ èkíní, ẹ̀gbọ́n wa dá “ìpàpòdà” lábàá, látinú “pa àpò dà”, bí ìparadà ṣe tinú “pa ara dà” wá. Gírámà rẹ̀ péye. Etí ni kò ní gbà á, torí “ìpapòdà” la fi ń kéde pé àgbà tàbí ọba ti lọ. Ẹni tó bá gbọ́ pé fíìmù ti pàpòdà á kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ti kú. “Pààrọ̀ àpò” tó, kò sì ń fẹ́ àlàyé.

Fún èkejì, “tún fún pọ̀” ni mo mú wá, àtúnfúnpọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ẹnì kan ti sọ pé “àtúnkọ” dùn ún gbọ́ jù ú lọ. Mo gbà pé ó dùn, àmọ́ àtúnkọ lè mú ìwé sunwọ̀n sí i, kò sí àtúnfúnpọ̀ tó lè mú àwòrán sunwọ̀n ju bó ṣe wà lórí àwo lọ. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé gbọ́ àdánù náà nínú ọ̀rọ̀ kó tó tẹ bọ́tìnì. “Yí padà” lè wà gẹ́gẹ́ bí orúkọ gbogbo gbòò níbi tí a bá ti ní méjèèjì lọ́kàn.

Ó ku ti ọ̀rọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ ìran. Àwòrán ni wọ́n jẹ́ lórí DVD, wọn kì í ṣe lẹ́tà, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n kì í sì í fi wọ́n hàn láti orí fíláàṣì, àfi tí a bá fi wọ́n kún àwòrán fíìmù gan-an. Wọ́n ti kọ “jó o mọ́ ọn” síbẹ̀, látinú “burn in” ti Gẹ̀ẹ́sì. Iná kankan kò sí nínú rẹ̀. “Tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn” ni kí a lò, torí ohun tí a bá tẹ̀ kì í ṣeé ṣí kúrò. Èyí tí òǹwòran lè tàn tàbí kó pa, “so ó mọ́ ọn” ni mo ní fún un báyìí. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ kí ìwé ìlànà náà tó jáde.