Máòsì aláìlókùn tó ń yọ ara wọn lẹ́nu: ẹ sọ ohun tójú yín ti rí

Olùkọ́_Ẹ̀gbá: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra máòsì aláìlókùn sí yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ wa, irú kan náà ni gbogbo wọn, àwọn tábìlì sì fara kọ́ra. Látìgbà náà la ò ti rójú. Ọfà ojú kọ̀ǹpútà á fò, á tún dúró gbagidi, a ó tẹ̀ ẹ́ kò ní dáhùn. Ọmọ kan tilẹ̀ ní tòun ń rìn kiri láìfọwọ́ kàn án. Ẹni tójú rẹ̀ bá ti rí irú èyí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ọ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Ẹ ra oníwáyà. Ó parí.

Ìyá_Business_Centre: Kò tíì parí o jàre. Wáyà tí àwọn oníbàárà ń fà já, ṣé ìwọ lo máa sanwó rẹ̀?

Olùkọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kọ́pà kan ń tẹ CV lọ́jọ́ kan, bó bá ti fẹ́ tẹ nǹkan báyìí, ọfà á sá lọ sókè, á pa ìwé náà dé. Inú bí i, ó ní kọ̀ǹpútà mi ní fáírọ́ọ̀sì. Ọmọ ilé-ìwé tó jókòó tì í náà ń pariwo pé tòun ò mì rárá. Ìgbà tí mo dúró lẹ́yìn wọn ni mo rí i: bí ọmọ yẹn bá ti fa máòsì rẹ̀ sọ́tùn-ún, ọfà kọ́pà ló ń lọ sọ́tùn-ún! Ẹni tó bá mi gbálẹ̀ láàárọ̀ ló yọ àwọn dongle, ìyẹn nǹkan kékeré tí à ń kì bọ ihò USB kí máòsì lè bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀, láti nù wọ́n, ó wá kì wọ́n padà bó ṣe wù ú. Ọ̀dà èékánná ni mo fi ń sàmì sí wọn báyìí: pupa lára dongle, pupa nísàlẹ̀ máòsì tirẹ̀. Ti èkejì, àwọ̀ ewé.

Kọ́pà_Tẹ́lẹ̀: Kọ́pà yẹn bẹ̀ yín ṣá?

Ìyá_Business_Centre: Ó bẹ̀ mí. Ó tún ṣe fọ́tòkọ́pì sí i.

Dáúdù_Ọ̀yọ́: Ìyá, ẹ má bínú, n kò gbà. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ láyé ìjọ́un, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ dongle kankan, síbẹ̀ máòsì ọ̀gá wa máa ń darí kọ̀ǹpútà akọ̀wé. Ìgbì rédíò ló ń kọlura, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Atúnṣe_Ìkẹjà: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Àwọn máòsì ìgbà yẹn, ìgbì rédíò 27 MHz ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ṣánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọ̀nà tí ìgbì ń gbà, méjì ló sábà máa ń wà níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí bọ́tìnì kékeré fi wà nísàlẹ̀ wọn. Ẹni kẹta tó bá ti gbé tirẹ̀ dé yàrá kan náà, wàhálà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ti òde òní ń lo 2.4 GHz, máòsì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀. Dongle kì í dá èyí tí kò mọ̀ lóhùn. Nítorí náà, Olùkọ́, ọfà tó ń rìn kiri yẹn, ohun tí Ìyá sọ ni ẹ kọ́kọ́ wò.

Èyí tó ń fò ló jẹ́ ọ̀rọ̀ ariwo ìgbì rédíò. Wi-Fi, Bluetooth, máíkírówéfù, orí 2.4 yẹn náà ni gbogbo wọn wà. Èyí tí àwọn èèyàn kì í fura sí ni ihò USB 3.0, èyí tí inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù. Intel fúnra wọn kọ̀wé jáde lórí rẹ̀ ní 2012, pé ariwo rẹ̀ ń bọ́ sórí 2.4 GHz gan-an. Ẹ má fi dongle sẹ́gbẹ̀ẹ́ hard disk. Ẹ ra wáyà USB tó gùn díẹ̀, kí ẹ fà á jáde láti ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà wá sórí tábìlì, kí dongle wà níwájú máòsì.

Dáúdù_Ọ̀yọ́: Ihò lásán ń pariwo kẹ̀?

Atúnṣe_Ìkẹjà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ki hard disk bọ̀ ọ́, kí ẹ máa kó fáìlì ńlá lọ, kí ẹ wá wo ọfà yín.

Adé_Peckham: Ó ṣẹlẹ̀ sí wa ní ọ́fíìsì níbí. A gbé Wi-Fi lọ sí 5 GHz, ara tu gbogbo wa. Dongle Unifying ti Logitech náà tún dáa, ẹyọ kan ń gba nǹkan mẹ́fà, kíbọọ̀dù àti máòsì á jọ lo ọ̀kan.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù! MiFi tèmi ò ní 5 GHz kankan.

Adé_Peckham: Gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ máòsì nígbà náà. Mo mọ̀ pé orí tábìlì lo gbé e sí.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Ta ló sọ fún ẹ?

Ṣadé_Aránṣọ: Tèmi, bí a bá ti tan jẹnẹrétọ̀ ni ọfà á máa gbọ̀n.

Atúnṣe_Ìkẹjà: Ṣé máòsì ni àbí pádì ara laptop?

Ṣadé_Aránṣọ: Pádì.

Atúnṣe_Ìkẹjà: Ọ̀tọ̀ nìyẹn, àǹtí mi. Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ lo bátìrì díẹ̀. Bó bá dáwọ́ dúró, ṣájà yẹn tàbí ẹ́ẹ̀tì iná yín, ìyẹn wáyà tó wọlẹ̀, ni ẹ máa wò.

Ìyá_Business_Centre: Tábìlì onígíláàsì ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Iná pupa yẹn kì í ríran lórí gíláàsì. Ẹ tẹ́ bébà sí i.

Olùkọ́_Ẹ̀gbá: Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Lóòótọ́ ni, dongle ọmọ yẹn àti ti ẹnìkejì rẹ̀ ti pààrọ̀ ara wọn. A ra wáyà fún àwọn tó wà lójú fèrèsé, fífò ti dúró. Àwọn tó wà lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìn nìkan ló ṣì ń dúró gbagidi.

Atúnṣe_Ìkẹjà: Níbo ni Wi-Fi yín wà?

Olùkọ́_Ẹ̀gbá: Lára ògiri ẹ̀yìn yẹn gan-an, lókè orí wọn.

Atúnṣe_Ìkẹjà: Ẹ wọlé sí ètò inú Wi-Fi náà, kí ẹ gbé e sí ṣánẹ́ẹ̀lì 1. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dán 11 wò. Ẹ pààrọ̀ bátìrì àwọn máòsì yẹn náà.

Olùkọ́_Ẹ̀gbá: Ẹni tó mọ password ò ní wá títí di Mọ́ńdè. Bátìrì la ó kọ́kọ́ ṣe.