Ẹ gbà mí o, ìwé ẹranko ayé àtijọ́ fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ níléèwé ọmọ mi

Ìyá Ayọ̀mídé (Àpáta): Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti Sátidé ni mi ò ti rí oorun sùn. Ìpàdé àwọn òbí la lọ ṣe níléèwé ọmọ mi. Òjò pa mí láti Àpáta, ọkọ̀ tí mo wọ̀ tún bàjẹ́ sí Dùgbẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn débẹ̀, bàtà mi kún fún ẹrẹ̀. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí ìyá kan fi dìde, ó gbé ìwé sáyẹ́ǹsì tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ń lò sókè, ó ní irọ́ ló kún inú ẹ̀, ó ní ẹni tó yan ìwé náà ò kà á rárá. Níwájú gbogbo èèyàn! Obìnrin tí ọmọ rẹ̀ ò tíì lo ọdún kan lọ́dọ̀ wa. Kò tilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá kan ń rẹ́rìn-ín.

Ìwé yìí dára o. Páálí rẹ̀ le, bébà rẹ̀ ń dán, àwòrán ló kún inú ẹ̀. Àwọn ẹranko ńlá ayé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní dáínásọ̀ ló dá lé. Ayọ̀mídé tó máa ń sá fún ìwé tẹ́lẹ̀, òun àti ìwé yìí ló jọ ń sùn báyìí. Ẹ bá mi dá sí i. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ìwé sáyẹ́ǹsì ọmọdé tó dára? Kí ni kí n sọ fún obìnrin yẹn ní ìpàdé tó ń bọ̀?

Màmá Ìbejì (Mọ́níyà): Pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Àwọn kan ò mọ bí wọ́n ṣe ń báni sọ̀rọ̀. Ní tèmi, irú àwòrán yẹn ni Táíwò rí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni kò fi lè dá lọ tọ̀ lóru. Ìgbà tí bàbá rẹ̀ mú un lọ sí ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn tó rí ẹranko gidi nínú àgò ni ara rẹ̀ tó balẹ̀. Kẹ́hìndé ò tiẹ̀ bẹ̀rù nǹkan kan.

Tíṣà Ọ̀jọ́ọ̀: Ìyá Ayọ̀mídé, ẹ ò sọ ohun tí obìnrin yẹn pè ní irọ́. Ẹ ò sì sọ ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà. Ẹ wo ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé, ọdún máa ń wà níbẹ̀.

Bàbá Kọ́lá (Ọjà Ọba): Kí la tiẹ̀ fẹ́ fi dáínásọ̀ ṣe? Ẹranko tí baba ńlá wa ò pa rí, tí ọdẹ kankan ò rí. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ níṣirò.

Ọmọ Agbowó: Ẹ jọ̀ọ́ sà, egungun wọn wà nílẹ̀. Láàárín 1909 sí 1913 làwọn ará Jámánì wú wọn ní Tendaguru, ní Tanzania, wọ́n sì to ọ̀kan tó ga ju ilé lọ síbi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Berlin. Ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni wọ́n ti kó o lọ.

Bàbá Kọ́lá (Ọjà Ọba): Ìwọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń wú u?

Ìyá Ayọ̀mídé (Àpáta): Bàbá Kọ́lá, ẹ ṣeun. Tíṣà, kí ló kan ọdún nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ìwé kì í ṣe búrẹ́dì tí ń bu. Àwòrán kan ni obìnrin yẹn ń pariwo lé lórí: ẹranko ńlá kan tó dúró lẹ́sẹ̀ méjì, tí ìrù rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, ń bá òmíràn tí egungun pẹlẹbẹ tò sẹ́yìn rẹ̀ bí ewé kókò jà. Ọkùnrin kan mú ọ̀kọ̀ dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọdé ló ń wò ó, kí ló burú níbẹ̀?

Tíṣà Ọ̀jọ́ọ̀: Hà! Obìnrin yẹn ò parọ́ o. Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ yẹn lèmi kọ́kọ́ máa ń wá nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó ti tó mílíọ̀nù 66 ọdún tí àwọn dáínásọ̀ ńlá ti kú tán, nígbà tí àpáta ràgàjì kan já bọ́ láti ojú sánmà sí Chicxulub ní Mexico. Èèyàn bíi tiwa ò sì ju nǹkan bí ọdún 300,000 lọ láyé. Wọn ò fojú kanra rí.

Àwọn méjì tó ń jà ńkọ́? Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe wọn yẹn, Tyrannosaurus àti Stegosaurus ni. Àwọn náà ò pàdé. Ìgbà tó wà láàárín àwọn méjèèjì gùn ju èyí tó wà láàárín Tyrannosaurus àti àwa tá a ń sọ̀rọ̀ yìí lọ. Ní ti ìrù, ipasẹ̀ wọn tó di òkúta ṣì wà títí dòní, ibi tí ìrù ti wọ́ nílẹ̀ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Wọ́n ń na ìrù sẹ́yìn ni. Ẹ tún wò ó bóyá ó sọ pé gbogbo wọn ló run. Ẹyẹ ni àtọmọdọ́mọ wọn, adìyẹ ẹ̀yìnkùlé yín wà lára wọn. Ní 1996 ni wọ́n kéde Sinosauropteryx ní Ṣáínà, dáínásọ̀ tó ní ìyẹ́ múlọ́múlọ́ lára. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ò lè mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi ń béèrè ọdún nìyẹn, mi ò bá yín jà.

Ọmọ Agbowó: Ẹ wò ó bóyá tiwa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní Niger tó múlé tì wá, Nigersaurus wà, eyín inú ẹnu rẹ̀ lé ní 500. Ní Sókótó níbí, wọ́n rí egungun Goronyosaurus, tí wọ́n fi ìlú Goronyo sọ lórúkọ. Òun kì í ṣe dáínásọ̀ o, ìbátan aláǹgbá tó ń gbé inú òkun ni, nígbà tí òkun ṣì dé Sókótó.

Bàbá Kọ́lá (Ọjà Ọba): Òkun ní Sókótó?

Ọmọ Agbowó: Bẹ́ẹ̀ ni sà.

Ìyá Àlàbí (Òkè Àdó): Ìyá Ayọ̀mídé, kí ló kàn yín gan-an? Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ìwé, ẹ̀yin kọ́ lẹ yàn án. Ẹ fi ọ̀gá iléèwé sílẹ̀ kó jẹ́jọ́ ara rẹ̀.

Ìyá Ayọ̀mídé (Àpáta): Ẹ má bínú sí mi. Èmi ni mo yàn án. Èmi ni mo kó o wá. Ẹ̀dà 32. Àwọn òbí dáwó 2,000 náírà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí n bá wọn rà á torí mo mọ àwọn tó ń ta ìwé tòkúnbọ̀. Àpótí kan ni mo rí, gbogbo rẹ̀ jọra. 1,500 ni wọ́n gbà lórí ẹyọ kan. Èyí tó kù, mo fi wọkọ̀, mo sì fi jẹun, mi ò sọ fún wọn. Àwòrán ni mo wò, mi ò kà á. Ọdún 1974 ló wà níbẹ̀. Mo ti wò ó kí n tó dá Tíṣà lóhùn. Ojú ló tì mí.

Màmá Ìbejì (Mọ́níyà): Yéè.

Ìyá Àlàbí (Òkè Àdó): Ẹ ti mú ká máa bínú sí obìnrin olóbìnrin láti àárọ̀! 16,000 náírà! Owó ọmọ olọ́mọ!

Màmá Ìbejì (Mọ́níyà): Ìyá Àlàbí, ó ti jẹ́wọ́, ẹ dẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Ta ni kì í gba owó ọkọ̀?

Ìyá Àlàbí (Òkè Àdó): Ẹni tó bá gbà á máa ń sọ ọ́.

Tíṣà Ọ̀jọ́ọ̀: Ìyá Ayọ̀mídé, ẹ pe obìnrin yẹn lálẹ́ òní, ẹ má dúró de ìpàdé. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan owó. Ẹ má sì kó ìwé náà dànù. Ẹ jẹ́ ká tẹ ojú ewé kan tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ iwájú ìwé, ohun tí a ti mọ̀ láti 1974 wá. Àwọn ọmọ fẹ́ràn kí wọ́n máa wá àṣìṣe àgbà. Màá bá yín kọ ọ́.

Ìyá Ayọ̀mídé (Àpáta): Mo pè é. Ẹ̀kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀ ló ń kọ́ ní UI, n kò mọ̀. Ohùn rẹ̀ le díẹ̀, àmọ́ ó dúró gbọ́ mi tán. Òun náà ní kí n dá owó padà, mo ti fi 10,000 ránṣẹ́ sí akápò, ìyókù di ọjọ́ Jímọ̀. Ó ní òun máa bá Tíṣà ka ojú ewé náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀kan kù tí mo gbàgbé láti bi í. Ẹranko kan wà ní ojú ewé 9, ó rí bí aláǹgbá, awọ fífẹ̀ kan nà sókè lẹ́yìn rẹ̀ bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi. Ìwé ní dáínásọ̀ ni.

Tíṣà Ọ̀jọ́ọ̀: Dimetrodon nìyẹn. Kì í ṣe dáínásọ̀. Ó ti lọ tipẹ́ kí dáínásọ̀ àkọ́kọ́ tó dé, ó sì sún mọ́ ìdílé àwa tá a ń fún ọmọ lọ́mú ju ìdílé dáínásọ̀ lọ.

Ìyá Ayọ̀mídé (Àpáta): Òun ni Ayọ̀mídé yà sẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Aago méjì ló ń dé láti iléèwé. Màá sọ fún un.