Ìmọ̀ràn lórí títọ etí gìtá láti inú fọ́tò sínú AutoCAD

Ayàlà_Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Mo fẹ́ fi ẹ̀rọ CNC (ẹ̀rọ ìgépákó tí kọ̀ǹpútà ń darí) gé pákó àwòṣe fún àpótí gìtá (ọrùn rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí). Gìtá náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ya fọ́tò rẹ̀ láti òkè, mo sì gbé e wọ AutoCAD, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà. Àwọn ibi tó tẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pa mí. Tí mo bá fi LINE (ìlà gbọọrọ) tọ etí rẹ̀, gbágungbàgun ló ń rí. Tí mo bá fi SPLINE (ìlà tó ń tẹ̀) tọ ọ́, tí mo ń tẹ àmì léraléra kí ìlà má baà kúrò lójú etí pákó, ìlà á máa ṣe kúlúkúlú. Irinṣẹ́ wo lẹ máa ní kí n lò? Àbí ètò mìíràn wà tó lè tọ ọ́ fúnra rẹ̀? Àpótí náà gùn ní 490 mm, ibi tó fẹ̀ jù nísàlẹ̀ jẹ́ 370 mm. Gìtá gan-an ni mo wọ̀n, kì í ṣe fọ́tò.

Ọmọ_Rúlà:
SPLINE kò ṣe yín ní nǹkan kan, àmì tí ẹ ń tẹ̀ ló pọ̀ jù. Inú gbogbo àmì tí ẹ bá tẹ̀ ni SPLINE máa gbà kọjá, kò ní í fo ọ̀kan. Tí ọwọ́ yín bá yẹ̀ ní ìdajì mìlímítà níbì kan, ó máa tẹ̀ lọ bá àmì yẹn, á tún tẹ̀ padà lọ bá èyí tó kàn. Bí àmì bá ṣe súnmọ́ra tó ni kúlúkúlú yẹn ṣe ń pọ̀ tó. Láyé ọjọ́un, àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ ojú omi máa ń tẹ ọ̀pá pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n á fi òjé wúwo dè é mọ́lẹ̀ níbi mélòó kan péré, pákó fúnra rẹ̀ á wá ọ̀nà tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn láàárín wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ṣe.

Ìdajì gìtá nìkan ni kẹ́ ẹ tọ, MIRROR á ṣe ìdajì yòókù. Ẹ fi F3 pa OSNAP (ohun tó ń fa àmì mọ́ ìlà tó wà nítòsí), kó má lọ máa gbá ohun tí ẹ ò ní í mú. Àmì méje tó fún ìdajì yẹn: òkè àti ìsàlẹ̀ níbi tí etí ti kan ìlà àárín, ibi tí èjìká yọ síta jù, ibi tí ìbàdí wọlé jù, ibi tí ìdí fẹ̀ jù, àti ibi méjì tí ìlà ti yí padà láti títẹ̀ síta sí títẹ̀ sínú. Lẹ́yìn náà, ẹ mú SPLINE náà, ẹ tẹ onígun mẹ́ta kékeré tó yọ lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ yí i sí Control Vertices. Yàtọ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí, àwọn àmì wọ̀nyí kì í sábà sí lórí ìlà, ẹ̀gbẹ́ ìlà ni wọ́n máa ń wà, wọ́n kàn ń fà á mọ́ra ni. Ẹ máa sún wọn díẹ̀díẹ̀ títí ìlà fi bá etí fọ́tò mu.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe: àmì tó wà lórí ìlà àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà ìbú kan náà, ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ibi tí MIRROR bá ti pàdé máa yọ ṣóńṣó.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_K:
Ẹ dúró ná. Fọ́tò yẹn ńkọ́? Àbúrò, nígbà tí o yà á, ibo ni téèpù wà?

Ayàlà_Tuntun:
Ilẹ̀ ni, ọ̀gá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìtá. Mo gun àga, fóònù sì wà ní bíi mítà kan sí ojú gìtá.

Gbẹ́nàgbẹ́nà_K:
Má lo téèpù yẹn o. Àpótí gìtá nípọn tó 100 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Tí ojú gìtá bá wà ní 1000 mm sí fóònù, ilẹ̀ wà ní 1100. Ohun tó jìnnà máa ń kéré lójú kámẹ́rà, nítorí náà téèpù kéré ju bó ṣe yẹ lọ nínú fọ́tò. Tí o bá fi òun ṣe ìwọ̀n, gìtá 490 á di 539, CNC á sì gé e bẹ́ẹ̀ láìbi ọ́ léèrè.

Nígbà tí gìtá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ, tún fọ́tò yà. Gbé rúlà lé ojú gìtá fúnra rẹ̀. Bọ́ sẹ́yìn tó mítà mẹ́rin, kí o wá fi zoom fà á mọ́ra. Fífi gìtá ti ara ògiri rọrùn ju gígun àga lọ. Jẹ́ kí kámẹ́rà kọjú sí àárín àpótí gan-an, kó má yà sí òkè tàbí sí ẹ̀gbẹ́. Tó bá jẹ́ ìwé ni, ẹ̀rọ síkáànì ni mi ò bá ní kí o lò. Ní 300 dpi, ẹyọ píksẹ́lì kan kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà.

Tí o bá ti gbé e wọlé, fa ìlà 490 kan ní òró, kí o sì pe ALIGN. Mú òkè àpótí nínú fọ́tò lọ sí orí ìlà, mú ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ sí ìdí ìlà, tẹ Enter. Tó bá bi ọ́ bóyá kó yí ìwọ̀n padà, sọ pé Yes. Á gbé fọ́tò, á dà á tọ́, á sì fún un ní ìwọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí o: fi DIST wọn ibi tó fẹ̀ jù. 370 lo sọ. Tó bá fún ọ ní 369 tàbí 371, máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá fún ọ ní 360, kámẹ́rà ti dàgẹ̀rẹ̀, fọ́tò yẹn ò wúlò fún iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó dára lójú tó.

Tí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, ti layer (ìpele àwòrán) tí fọ́tò wà pa, kí o sì fi Fade jẹ́ kó ṣì díẹ̀ kí ìlà rẹ lè hàn. Má sì gbé fáìlì fọ́tò kúrò ní fódà iṣẹ́ náà. AutoCAD kì í gbé àwòrán mì, ojú ọ̀nà rẹ̀ nìkan ló ń rántí.

Arc_Ni_Tèmi:
Tèmi yàtọ̀ sí ti Ọmọ_Rúlà. Ohun tí ẹ̀rọ bá máa gé, mi ò kí í fi SPLINE ṣe é. Ẹ pe CIRCLE, ẹ yan 3P, kẹ́ ẹ tẹ àmì mẹ́ta tó jìnnà síra lórí èjìká. Tí róbótó náà bá jókòó sórí etí pákó dáadáa, ẹ wo radius rẹ̀ (láti àárín dé etí). Tó bá jẹ́ 139.6, 140 ló fẹ́ jẹ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe ti ìdí, ẹ ṣe ti ìbàdí (òde gìtá ni àárín róbótó ti ìbàdí máa wà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu). Ibi tí méjì ò bá ti fẹnu kanra, CIRCLE pẹ̀lú Ttr á so wọ́n pọ̀ láìsí igun. TRIM, JOIN, ó parí. Ẹ ní nọ́ńbà tí ẹ lè kọ sórí ìwé fún ẹlòmíràn. SPLINE ò ní irú ẹ̀.

Ọmọ_Rúlà:
Òótọ́ ni ti nọ́ńbà yẹn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ibi tí arc (apá kan lára róbótó) 140 bá ti pàdé arc 90, ìlà kò ní igun lóòótọ́, àmọ́ bó ṣe ń tẹ̀ yí padà lójijì. Lórí pákó àwòṣe, kò sẹ́ni tó máa rí i. Lórí ohun tí wọ́n kùn tó ń dán, ìmọ́lẹ̀ máa fọ́ níbẹ̀, ojú á sì rí i. Ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò, ẹ OFFSET ìlà náà (ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀) sínú ní 10, 20, 30. Kúlúkúlú tí ẹ ò rí lórí ìlà àkọ́kọ́ máa fojú hàn níbi èjìká àti níbi ìdí, níbi tí ìlà ti tẹ̀ síta.

Fèrèsé_Ṣíṣí:
Ẹni tó béèrè ètò tó ń tọ nǹkan fúnra rẹ̀: Inkscape ni, ọ̀fẹ́ ni. Path, lẹ́yìn náà Trace Bitmap, tàbí Shift+Alt+B. Potrace tí Peter Selinger kọ ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ibi tí dúdú ti pàdé funfun ló ń tọ, kò mọ̀ pé gìtá ni ẹ gbé síwájú òun, nítorí náà òjìji náà máa wọ inú ìlà yín. Tẹ́ ẹ bá fún un ní àwòrán tí wọ́n fi péńsù yà, ìlà méjì ló máa dá padà, ọ̀kan fún etí péńsù lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Fún lẹ́tà àti àmì ilé iṣẹ́ tó dúdú kiriri lórí funfun, kò lẹ́gbẹ́. Fún gìtá, mo lè fi ṣe ìpìlẹ̀ kí n wá tọ tèmi lé e lórí, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ctrl+L máa ń dín àmì rẹ̀ kù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, ìbàdí gìtá á yọ́.

Fún ẹni tí kò ní AutoCAD: FreeCAD àti LibreCAD ń gba àwòrán, owó ò sì sí níbẹ̀. Nínú Fusion, Insert Canvas ni, lẹ́yìn náà Calibrate.

Ayàlà_Tuntun:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti tún fọ́tò yà lára ògiri, DIST fún mi ní 369. SPLINE alámì méje náà jókòó dáadáa, mo OFFSET rẹ̀, kò sí kúlúkúlú. Ó ku kiní kan. Ẹni tó ni ẹ̀rọ CNC ní DXF R12 (irú fáìlì àwòrán AutoCAD ti àtijọ́) nìkan lòun ń gbà.

Arc_Ni_Tèmi:
Ẹ ti padà sọ́dọ̀ mi nìyẹn 😄 Kò sí SPLINE nínú R12 rárá, R13 ló bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kàn fi pamọ́ bẹ́ẹ̀, AutoCAD á fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di polyline (ìlà tí wọ́n so apá púpọ̀ pọ̀ ṣe), ọwọ́ yín ò sì ní í sí nínú bó ṣe ṣe é. Ẹ tètè ṣe é fúnra yín: ẹ kọ PLINECONVERTMODE, ẹ fi 1 sí i. Tó bá wà ní 0, ìlà gbọọrọ kéékèèké ló máa gé e sí. 1 ló ń fún yín ní arc. Ẹ wá pe SPLINEDIT lórí àdàkọ SPLINE náà (ẹ tọ́jú ojúlówó sí layer mìíràn), ẹ yan convert to Polyline. Ó máa béèrè precision, láti 0 dé 99. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 10, ẹ gbé e lé orí ojúlówó, ẹ wo bóyá wọ́n yà síra. Lẹ́yìn náà ni MIRROR àti JOIN.

Kẹ́ ẹ sì sọ fún un pé mìlímítà ni o. R12 kì í kọ irú ìwọ̀n tí ẹ lò sínú fáìlì. Tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá kà á sí ìǹṣì, gìtá yín á tóbi ní ìlọ́po 25.4.

Ayàlà_Tuntun:
Mo ti ṣe é. Arc mẹ́rìnlá ló fún mi fún ìdajì, mi ò sì rí ìyàtọ̀ àfi ìgbà tí mo sún mọ́ ọn gan-an. Mo ti fi ránṣẹ́, mo sì kọ mm sí orúkọ fáìlì.