Áàpù ìwo-fọ́tò wo ló mọ ìwọ̀n fọ́tò í tò dáadáa lórí Linux?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Fọ́tò ìgbéyàwó ni mò ń ṣà lórí kọ̀ǹpútà mi tó ń lo Linux (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), áàpù tí mo fi ń wò wọ́n ló ti sú mi.

Fọ́tò kámẹ́rà mi jẹ́ píksẹ́lì (àmì tín-ín-tín tó para pọ̀ di àwòrán) 6000 ní ìbú, 4000 ní òró. Ojú kọ̀ǹpútà mi ò ju 1920 sí 1080 lọ. Kó dín fọ́tò ńlá kù kó lè hàn tán, ìyẹn dáa. Àmọ́ tí mo bá ṣí lógò kékeré tí kò ju píksẹ́lì 200 lọ, ṣe ló máa fà á fẹ̀ kún gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, á wá ṣe bàìbàì. Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Kó fi í sílẹ̀ ní 100%, píksẹ́lì kan sí píksẹ́lì kan.

Èyí tó ń bí mi nínú jù nìyí: mo á fa fọ́tò tóbi síbi ojú ìyàwó láti mọ̀ bóyá ó mọ́ kedere, bí mo bá ti bọ́ sórí fọ́tò tó tẹ̀ lé e, gbogbo ẹ̀ á padà sí kékeré. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi méjèèjì wéra?

Ẹ̀yin tó ń lo áàpù XnView MP tàbí nomacs láti wo fọ́tò, ṣé wọ́n lè di ìwọ̀n àti ibi tí mò ń wò mú láti fọ́tò kan dé èkejì? Ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ti tún un tò?