Ewú iwájú orí mi pọ́n lẹ́yìn tí mo fi dáì sí i. Kí ni mo lè fi pa pupa yìí?

Tíṣà Fẹ̀yìntì (Ìbàdàn)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìdána ọmọ mi obìnrin ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ewú ti gba gbogbo iwájú orí mi àti ẹ̀bátí méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn orí ṣì dúdú dáadáa. Mi ò fẹ́ dúdú kirikiri, torí obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta tó bá gbé irú ẹ̀ sórí, ojú rẹ̀ á kàn le ni. Búráùn ni mo fẹ́. Mo ra páálí dáì kan ní Dùgbẹ̀. Wọ́n kọ 5.3 sára rẹ̀, wọ́n sì ya obìnrin kan tí irun rẹ̀ ń dán sí i. Àbúrò mi ló bá mi kùn ún.

Nígbà tí a fọ̀ ọ́ tán, ẹ̀yìn orí ò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, àfi bí oòrùn bá tàn sí i. Iwájú ńkọ́? Ó pọ́n bí epo tuntun. Ọmọ mi ọkùnrin wọlé, ó wò mí títí, ó ní, "Màmá, ṣé Super Eagles ló pè yín ni?"

Aládùúgbò mi ní kí n da dáì dúdú oníyẹ̀fun lé e lórí, kí n gbàgbé. Irun mi ní rìlásà o, oṣù tó kọjá ni mo tún un ṣe. Omi bóhóòlù la sì ń lò nílé. Mo fẹ́ mọ ohun tó sọ orí kan di aláwọ̀ méjì, mo sì fẹ́ mọ ohun tí mo lè fi pa pupa náà láìdi dúdú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n wé gèlè. Mo ti mọ ìyẹn.

Baba Onírùngbọ̀n

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Irùngbọ̀n tèmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo fá a ni. Ẹ̀yin ò kúkú lè ṣe ìyẹn.

Ọmọ Ìlọrin

Ẹ kú ìmúra o, Màmá. Kẹ́míkà ló ń fa gbogbo èyí. Ẹ bá lo làálì. Làálì là ń lé fún ìyàwó níbí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ìyá ìyá mi sì ń lò ó sórí títí tó fi dàgbà kùjọ́kùjọ́, irun rẹ̀ ò já. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ pò ó, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, ẹ kùn ún, ẹ fi ọ̀rá bo orí.

Onídìrí Ṣúrùlérè

Màmá, ẹ kú ìmúra, a ó gbọ́ ohùn ìyàwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan dáì dúdú yẹn, ẹ má sì tíì lé làálì. Ọmọ Ìlọrin, ẹ má bínú, mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

Irun dúdú ní àwọ̀ tirẹ̀ nínú, òun ni wọ́n ń pè ní melanin. Irun tó ti hewú ò ní in mọ́. Tí ẹ bá fi dáì sórí irun dúdú, àwọ̀ méjì ló pàdé níbẹ̀, ti inú irun ló sì sábà máa ń borí. Lórí ewú, dáì nìkan ló wà, ohun tó wà nínú páálí gan-an lẹ máa rí. Ẹ wá wo nọ́ńbà yín. 5 tó ṣáájú ń sọ bó ṣe dúdú tó: 1 ni dúdú pátápátá, 10 ni ti àwọn òyìnbó onírun yẹ́lò. Èyí tó tẹ̀lé àmì tóótun yẹn ló ń sọ irú àwọ̀ tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe dáì, .1 ni eérú, .3 ni wúrà, .4 ni bàbà. Búráùn oníwúrà lẹ rà. Lẹ́yìn orí, wúrà yẹn ń yọjú nínú oòrùn nìkan, ẹ̀yin náà rí i. Níwájú, kò sí ohun tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Obìnrin ara páálí yẹn ò ní ewú kan ṣoṣo, mo lè fi ṣọ́ọ̀bù mi búra.

Ẹ tún wo ìdí irun nínú dígí. Tó bá pọ́n ju ṣóńṣó lọ, ooru awọ orí wà nínú ọ̀rọ̀ náà, torí ó máa ń jẹ́ kí dáì ṣiṣẹ́ kíákíá nítòsí rẹ̀.

Ní ti pípa á, àwọ̀ ló ń pa àwọ̀. Búlúù ń pa àwọ̀ ọsàn, àwọ̀ ewé ń pa pupa gidi, elésè àlùkò ń pa yẹ́lò. Ẹ jáde síta láàárọ̀ kí ẹ mọ èyí tó wà lórí yín, torí gílóòbù inú ilé máa ń purọ́. Tó bá jẹ́ ti epo lóòótọ́, eérú ló bá a mu, torí búlúù ló wà nínú rẹ̀. Ẹ wá 5.1, irú èyí tó máa ń ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń fọ irun, kì í ṣe alátẹ̀mọ́. Developer rẹ̀, ìyẹn omi tí wọ́n ń pò mọ́ dáì, ò gbọ́dọ̀ ju volume 10 lọ, ìyẹn peroxide 3%. Ẹni tó bá fẹ́ ta 30 tàbí 40 fún yín, ẹ dágbére fún un. Irun rìlásà ni tiyín, á já.

Ẹ kùn ún sí irun tútù, ibi tó pọ́n nìkan. Kí àbúrò yín jókòó tì yín, kó má lọ dáná. Ní ìṣẹ́jú mẹ́rin-márùn-ún síra wọn, kó nu díẹ̀ kúrò kó wò ó. Irun rìlásà máa ń fa eérú mu kíákíá. Tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sórí, ẹ lè bá àwọ̀ ewé níbẹ̀. Bó bá ti di búráùn lójú yín, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ má dúró de aago ara páálí.

Tí ẹ ò bá rí 5.1, ṣáńpù búlúù á rọ̀ ọ́ díẹ̀, kò ní pa gbogbo rẹ̀. Búlúù ni mo wí o. Ti elésè àlùkò tí wọ́n ń polówó kiri, ti àwọn tí ewú wọn ń yẹ́lò ni.

Dáì dúdú á bò ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n dáì kì í ṣí dáì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ padà sí búráùn, bleach ló kù, bleach lórí rìlásà sì lohun tó ń pa oníbàárà lẹ́kún ní ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọmọ Ìlọrin, làálì tó dá wà, àwọ̀ ọsàn náà ló ń fún ewú. Ẹni tó bá fẹ́ kó dúdú máa ń fi ìyẹ̀fun èlú tẹ̀lé e. Èyí tí wọ́n bá tún ti po iyọ̀ mẹ́táàlì mọ́, peroxide ò gbọ́dọ̀ kàn án, torí irun lè gbóná kó sì jó.

Ọmọ Ìlọrin

Mo gbọ́. Ìyá ìyá mi fẹ́ kó pọ́n ni o! Mi ò rántí pé Màmá ń sá fún pupa.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Mo ti jáde síta. Àwọ̀ ọsàn ni, ìdí irun ló sì le jù. Ọmọ mi onídìrí, o ṣeun, o ṣàlàyé ju àwọn tí mo kọ́ ní kíláàsì lọ. Ṣé kí n ṣe é ní àárọ̀ Jímọ̀ọ́ tó ṣáájú ìdána, kó lè tutù yọ̀yọ̀? Omi bóhóòlù ńkọ́?

Onídìrí Ṣúrùlérè

Rárá, Màmá. Ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ yìí. Tó bá dúdú ju bí ẹ ṣe fẹ́ lọ, ẹ ó ṣì ráyè fọ̀ ọ́ kó ṣí díẹ̀. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ kùn díẹ̀ sẹ́yìn etí, kí ẹ dúró fún wákàtí 48. Bó bá yún yín tàbí tó wú, ẹ jù ú nù. Pé èyí àkọ́kọ́ ò ṣe yín ní nǹkan kan ò ní kí èyí má ṣe yín.

Ní ti omi, ẹ wo báàkẹ́tì funfun yín. Tó bá ní àbàwọ́n rúsúrúsú nídìí, irin wà nínú omi náà, ó sì lè fi pupa kún ewú. Ẹ fi omi òjò tàbí omi tí ẹ rà ṣàn án gbẹ̀yìn.

Nígbà mìíràn, ẹ po 5.0, ìyẹn búráùn lásán, àti 5.3 pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, developer volume 20 (volume 10 yẹn, ti 5.1 ni), iwájú ni kí ẹ sì kọ́kọ́ kùn, torí ewú máa ń ṣorí kunkun. Tí ẹ bá wé gèlè lọ́jọ́ náà (mo mọ̀ pé ẹ máa wé e), ẹ fi fìlà dúdú sísàlẹ̀ rẹ̀. Dáì tuntun máa ń bọ́ sára aṣọ tí òógùn bá dé.