Forklift dojú dé, ó tẹ àbúrò mi lẹ́sẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ (Houston): Ẹ gbà mí o! Forklift, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù, tí àbúrò mi ń wà dojú dé ní sáìtì láàárọ̀ yìí, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Fọ́máànù ní kó sọ fún dókítà pé orí àtẹ̀gùn ilé ló ti ṣubú. Kí ni ká ṣe?

Bàbá Tọ́pẹ́ (Dallas): Kó má dán an wò! Ohun tí dókítà bá kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa gbé jáde lọ́la. Ẹ fi tẹ́ẹ̀sì sọ fún ọ̀gá rẹ̀ lónìí. Ọjọ́ 30 péré ni Texas fúnni. Kó fi fọ́ọ̀mù DWC-041, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó comp, ránṣẹ́ kó tó pé ọdún 1. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n ní workers' comp o, ìbánigbófò fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, kò pọn dandan fún àwọn ọ̀gá níbí.

Ọmọ Ẹ̀gbá (London): Ṣé ó bẹ́ sílẹ̀ ni?

Àbẹ̀kẹ́: Ó bẹ́, sà.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Mo mọ̀! Ẹni tó bá bẹ́ ni òrùlé ẹ̀rọ máa ń wó lé. Kí bẹ́líìtì wà nídìí ẹ̀, kó di sítíárì mú, kó ki ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó fara sí òdì kejì ibi tó ń wó sí.

Ìyá Ìbejì (Brooklyn): Gbogbo ẹ̀ kọ́ o. Èyí tí wọ́n ń dúró wà, tó ṣí lẹ́yìn, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà bọ́ sílẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ti wíàháòsì nìyẹn. Sáìtì là ń sọ!

Bàbá Tọ́pẹ́: Ẹ fi bíbẹ́ sílẹ̀. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹrù ṣì wà lókè tó ti ń yí kọ̀ọ́nà. Tí forklift bá fẹ́ rìn, ẹrù ò gbọdọ̀ fi ju nǹkan bí ínǹṣì 6 lọ ga sí ilẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́: Bẹ́ẹ̀ ni, bíríkì ló gbé. Wọ́n ní àwọn ò ní comp kankan o!

Ọmọ Ẹ̀gbá: Ẹ wá wo Texas! Látinú òfin 1969 ni ìbánigbófò òṣìṣẹ́ ti di dandan fún ọ̀gá níbí. Ìlú màlúù!

Bàbá Tọ́pẹ́: Ẹ máa jẹ òjò yín lọ. Àbẹ̀kẹ́, lọ́yà ló kàn, ọdún 2 lẹ ní láti pe ọ̀gá náà lẹ́jọ́. Ọ̀gá tí ò ní comp ò lè sọ nílé ẹjọ́ pé òṣìṣẹ́ náà ò kíyè sára. Kó má buwọ́ lu ìwé kankan.

Àbẹ̀kẹ́: Owó ọsibítù wá ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ Ẹ̀gbá, ṣé ẹ rí láfún gidi rà ní Peckham?

Ọmọ Ẹ̀gbá: Láfún wà, àmọ́ ti ọjà Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta kọ́. Ó ń rùn bíi páálí.

Bàbá Tọ́pẹ́: Ẹ wá sí Houston, ẹ ó jẹ àmàlà. Dallas ò ní nǹkan kan, mo gbà.