Ẹgbẹ́ wa fẹ́ wọkọ̀ ojú omi ní Jẹ́bà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kí ni ká múra sílẹ̀, kí ni kò yẹ ká ṣe?

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọdọọdún ni àwa tí a jọ jáde ìwé mẹ́wàá máa ń pàdé: ká jókòó sí gbọ̀ngàn, ká jẹ ìrẹsì, ká dáwó, ká túká. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ní àwọn ò ṣe gbọ̀ngàn mọ́. Jẹ́bà ni wọ́n fẹ́ lọ, ká wọkọ̀ lórí odò Ọya láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ká yà sí abúlé kan tàbí méjì, ká jẹun létí omi. Èmi ni akọ̀wé, orí mi ni gbogbo ètò já lé, bẹ́ẹ̀ ni omi tí mo mọ̀ kò ju èyí tí mò ń fẹsẹ̀ là kọjá lọ sóko bàbá mi.

Wọ́n ti ń fa wàhálà kí a tó gbéra. Ẹnì kan fẹ́ gbé kúlà ńlá méjì àti spíkà. Àwọn obìnrin ní aṣọ ẹbí ni dandan, lésì àti gèlè. A pe olùkọ́ wa àtijọ́ kan pé kó bá wa lọ, bàbá náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 80 ọdún, alága wa sì ti ní iwájú ọkọ̀ ni òun àti bàbá máa jókòó. Alága yìí sanra, ẹ má sọ pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan fẹ́ mú ọmọ-ọmọ wá. Ta ní yẹ kó jókòó níbo? Tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n èèyàn ńkọ́? Ìrun ńkọ́? Ṣé a máa ń fún atukọ̀ ní nǹkan lẹ́yìn owó tí a bá a dá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó dáhùn.

Ọmọ Ẹlẹ́ja Jẹ́bà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmójútó. Etí odò yẹn ni wọ́n bí mi sí, ẹja ni ìyá mi tà fi tọ́ wa, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ń tukọ̀ títí dòní. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìjókòó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn èrò tó ń ti ìlú òkè wá ti ń kó bá ara wọn.

Lórí ilẹ̀, ọjọ́ orí la fi ń jókòó. Nínú ọkọ̀, ìwọ̀n ara ni. Atukọ̀ á wò yín lọ́kọ̀ọ̀kan, á ní kí ẹni yìí bọ́ sí àárín, kí ẹni yẹn lọ sí ẹ̀yìn, ó sì lè jẹ́ ọmọ ogún ọdún ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá arúgbó. Kò rí yín fín o. Àárín gbùngbùn ni ààyè alága yín. Iwájú tó ń dù yẹn ló máa ń fò jù, ibẹ̀ ni omi sì ti ń ta síni lójú. Bàbá olùkọ́ náà, ẹ mú wọn sún mọ́ ẹ̀yìn, ibẹ̀ ló rọ̀ jù fún egungun àgbà.

Ọ̀rọ̀ ìkíni ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọmọ tí a kọ́ ni yín. Ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ bá ti kúrò ní èbúté, ẹ má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ má dọ̀bálẹ̀, ẹ má sì dìde kí àgbà lè jókòó. Ẹ jókòó kí wọn, ẹ tẹrí ba díẹ̀, ó tó. Ìyàwó kan dìde lójú mi láàárín odò, ó fẹ́ fi ìjókòó tó dára sílẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ ní rárá, òun náà dìde. Àbúrò ọkọ ní kí àwọn méjèèjì jókòó, òun ni òun máa dìde, òun náà sì dìde lóòótọ́. Ọkọ̀ fì sápá ọ̀tún, omi rọ́ wọlé dé ọrùn ẹsẹ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi jágbe mọ́ ìyàwó, ó jágbe mọ́ ìyá ọkọ, kò sẹ́ni tó lanu dá a lóhùn títí a fi gúnlẹ̀.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tó ń mú ni léfòó lórí omi. Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ béèrè rẹ̀, ẹ kà á kó pé iye orí. Ẹ má gbà kí wọ́n kó o sábẹ́ ìdí yín bí ìrọ̀rí. Kí olúkúlùkù wọ̀ ọ́, kó de gbogbo okùn rẹ̀, kí ẹlòmíràn wá di ibi èjìká rẹ̀ mú, kó fà á sókè. Tó bá gòkè dé etí, ó tóbi jù nìyẹn, kó pààrọ̀ rẹ̀. Ti ọmọdé yàtọ̀, ó máa ń ní okùn tó gba abẹ́ itan kọjá. Tí kò bá sí ti ọmọdé, kí ọmọ-ọmọ dúró sílé, kí ìyá-ìyá rẹ̀ bínú tó bó ṣe fẹ́. Agbádá kò bá a mu, ìró náà kò bá a mu, torí á wé mọ́ni lẹ́sẹ̀ nínú omi. Ẹ fi aṣọ ẹbí rán bùbá àti ṣòkòtò, kí ẹ sì di gèlè sínú àpò de ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò lórí ilẹ̀.

Mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ẹ rántí Oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn ará Pàtígí tó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀. Òru ni, ọkọ̀ kún àkúnjù, èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ. NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọ̀nà omi, kò fàyè gba ìrìn òru. Ẹ bá atukọ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó gbéra pé ní ojúmọmọ ni ẹ máa padà dé èbúté. Tó bá jẹ́ ìgbà òjò ni ẹ ń bọ̀, ìjì ọ̀sán ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Tí atukọ̀ bá wo ojú ọ̀run tó ní òun ń yà sétí odò, kí alága má bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé “àwa la sanwó.” Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọyẹ́, kùrukùru àárọ̀ lè mú kí ẹ dúró di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti dáàmù tó sé odò lókè náà lè pọ̀ sí i, ó lè dín kù, nítorí náà ibi tí ẹ ti wọkọ̀ láàárọ̀ lè má rí bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ wọ sálúbàtà tó ṣeé fi tẹ ẹrẹ̀.

Ní ti ìtọ̀: kò sí ilé ìtọ̀ nínú ọkọ̀, ní abúlé náà ó lè jẹ́ igbó ni. Ẹ bá atukọ̀ ṣàdéhùn ibi tó máa dúró sí lọ́nà. Ẹ má sọ pé nítorí ìtọ̀ ẹ ò ní mumi.

Tí ẹ bá dé abúlé àwọn Tápà, ẹ kọ́kọ́ kí olórí ibẹ̀, ẹ má bọ́ sílẹ̀ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò àwọn obìnrin tó ń fọṣọ. Ẹ wo ojú omi, tí ẹ bá rí ike tó léfòó ní ìlà, àwọ̀n ẹja ló wà lábẹ́ rẹ̀. Atukọ̀ tó bá mọṣẹ́ á yà fún un, á sì rọra tí ọkọ̀ kékeré bá ń bọ̀. Ẹ má kán an lójú. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, inú àpò ni kí ó padà sí.

Ohun tí ẹ máa rí pọ̀. Afárá ojú irin wà níbẹ̀, láti 1916, àti òpó ìrántí Mungo Park àti Richard Lander, àwọn òyìnbó tó rin odò yìí láyé àtijọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ibojì Park nìyẹn, Bùsà ló kú sí ní 1806, lókè odò lọ́hùn-ún. Abúlé Tádà jìn jù fún ìrìn ọjọ́ kan, ó sì dùn mí pé ẹ ò ní dé ibẹ̀. Ère bàbà tó jókòó tó wà ní mùsíọ́mù Èkó báyìí, ibẹ̀ ló ti wá. Nígbà kan, àwọn ará ibẹ̀ a máa gbé e lọ sódò, wọ́n á fi iyanrìn fọ̀ ọ́, kí ọmọ àti ẹja lè pọ̀.

Nọ́ọ̀sì Òmù-Àrán

Ọmọ Ẹlẹ́ja ti sọ púpọ̀. Tèmi ni ti inú. Ẹ má gbéra láìjẹun, ẹ má sì jẹ ẹ̀wà àti dòdò tí òróró ń kán lára rẹ̀. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín díẹ̀ ti tó. Ẹni tí òòyì bá ń kọ́, kó gbójú kúrò lára fóònù, kó máa wo etí odò tó jìnnà, kó jókòó sí àárín. Atalẹ̀ máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ lo oògùn èébì, kó lò ó bíi wákàtí kan ṣáájú, kó mọ̀ pé ó lè mú oorun wá, kó má sì fi ọtí lé e. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbà, ẹ má fi sílé. Tó bá jẹ́ èyí tó ń mú ni tọ̀ léraléra ni, kí wọ́n bi dókítà nípa àkókò tí wọ́n máa lò ó, kì í ṣe kí wọ́n dá a dúró fúnra wọn.

Oòrùn orí omi burú ju ti ọjà lọ, torí omi ń dá a padà síni lójú. Ẹ dé fìlà tó lókùn lábẹ́ àgbọ̀n. Ẹ má sì wọ omi létí odò láti ya fọ́tò. Kòkòrò tó ń ti ara ìgbín inú omi wọ awọ ara wà níbẹ̀, òun ló ń mú ni tọ ẹ̀jẹ̀.

Ọmọ Pàkátà

Ní ti ìrun, ẹni tó bá ti Ọ̀fà dé Jẹ́bà ti di arìnrìn-àjò. Ó lè dín ìrun kù, ó sì lè kó Àílà àti Alásárì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdúró ọ̀sán yín bọ́ sí àsìkò náà, kí ẹ kí i lórí ilẹ̀, kí ẹ má máa bá ara yín jiyàn nínú ọkọ̀ lórí ibi tí Kíbílà wà. Síbẹ̀, ẹ bi àáfà yín. Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti ọ̀nà. Tí ẹ bá kúrò ní Ìlọrin lẹ́yìn aago méje, trélà ló máa mú yín mọ́lẹ̀ ní Bódè Sáadù, atukọ̀ á sì ti gbé àwọn ẹlòmíràn lọ. Ẹ sùn sí Ìlọrin mọ́jú ọjọ́ náà.

Ìyá Ìbejì Ọ̀fà

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á fún yín ṣe. Mo ti ka ti ìjókòó sí etí alága, kò tíì dá mi lóhùn. Ó ku spíkà, kúlà àti owó atukọ̀.

Ọmọ Ẹlẹ́ja Jẹ́bà

Spíkà, etí odò nìkan. Ọmọkùnrin kan máa ń dúró síwájú pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, òun ló ń wo ibi tí iyanrìn ti ga àti ibi tí igi wà lábẹ́ omi, ó sì ń ké padà sí atukọ̀ lẹ́yìn. Tí fújì bá ń dún láàárín wọn, ta ni yóò gbọ́ “igi wà níwájú”?

Owó: ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá epo wà nínú iye tí ẹ bá a dá, torí ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ dá ohun tí agbára yín ká, kí ẹnì kan ṣoṣo fún atukọ̀ nígbà tí gbogbo yín bá ti sọ̀kalẹ̀. Ẹ ya ti ọmọ ọlọ́pàá iwájú yẹn sọ́tọ̀, ọ̀pá ni mo wí o, kì í ṣe àwọn aláṣọ dúdú. Ẹ fi lé e lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá ń jẹun, ẹ bu tiwọn kí ẹ tó bu tiyín, wọn ò lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ wá tò.

Kúlà kan, omi àti yìnyín. Ọtí alága, kí ó dúró de é nínú bọ́ọ̀sì.